Bẹ́líìtì Tí Kò Kúrò Ní Ihò Kẹta

Bí aboyún bá ṣèèṣì gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alágbàfọ̀, kí ó yáa wá àga fi ìdí lé, nítorí kò ní í kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ ìtàn bẹ́líìtì. Ìyá Alágbàfọ̀ á gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ nàró, á nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ, á sì bi aboyún náà pé oṣù mélòó ni. Kò sí èsì tí aboyún náà lè fọ̀ tí kò ní í já sí ojú ọ̀nà kan náà.

“Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti rọ̀ jù,” ni yóò wí. “Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Yúnífọ́ọ̀mù wa ní bẹ́líìtì. Ihò kẹta ni mò ń dè é sí kí n tó lóyún. Ihò kẹta náà ni mo dè é sí lọ́jọ́ tí mo bímọ! Ọ̀gá wa gan-an ò mọ̀. Ọjọ́ Fúráìdé ni mo lọ aṣọ ibùsùn àádọ́ta, Sátidé ni mo bí i. Ẹ bi ọkọ mi!”

Igun ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, lẹ́yìn tábìlì kékeré kan tí ó ti ń tún aago ọwọ́ ṣe, tí awò kékeré kan sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Bàbá Aláago ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti dé ibi “ẹ bi ọkọ mi,” kò ní í gbé orí sókè, á kàn ní “Bẹ́ẹ̀ ni,” á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ní “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ọkùnrin tó bá ti bá ìyàwó tó lẹ́nu gbé pẹ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti pa iná púpọ̀.

Ìtàn náà dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Àwọn aboyún á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á padà sílé wọn, wọ́n á sì jẹun. Kò pa wọ́n lára. Àfi ẹnì kan tí ó gbọ́ ọ jù. Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Alágbàfọ̀ bí, abẹ́ tábìlì ìlọṣọ ló dàgbà sí, kó sì tó mọ ábídí ló ti mọ ìtàn bẹ́líìtì lórí. Ní báyìí ó ti lọ́kọ, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì ìgbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan, oyún àkọ́kọ́ sì ti pé oṣù márùn-ún nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni àkọ́bí fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ìtàn, wọlé dé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè ìdí. Ó ga, ó rí tín-ín-rín. Bí ó bá dúró ti òpó iná, òpó iná ló máa dà bí ẹni tó jẹun yó. Bọ́ọ̀sì ló ń wà fún iléeṣẹ́ kan tó ń kó èrò, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń kó àwọn awakọ̀ wọn lọ yẹ ara wò. Ọdún mẹ́fà ló ti ń lọ tó ń bọ̀ láìsí wàhálà. Lọ́tẹ̀ yìí dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fajú ro, ó tún un wọ̀n, ó ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún pè é padà.

“Ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún,” ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kà fún ìyá rẹ̀. “Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀.”

“Ẹ̀jẹ̀ wo? Ìwọ tí o ò mutí, tí o ò fa sìgá? Ibo ni ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ tó fẹ́ máa ru?”

“Màmá, ohun tí èmi náà bi dókítà nìyẹn.”

Ìyá Alágbàfọ̀ ò ronú jìnnà. Ó kọjú sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó na ìka. “Ìdílé bàbá ẹ ni! Àwọn tí inú ń bí láti òwúrọ̀ di alẹ́.”

Bàbá Aláago yọ awò ojú rẹ̀. “Ta ni mo bá jà rí?”

“Ẹ̀ ń gbé e mì ni! Èyí tí wọ́n ń gbé mì ló burú jù.”

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi wọlé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ilé ìwòsàn tó wà ní ìkángun òpópónà ló ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń wá gba yúnífọ́ọ̀mù funfun márùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, ilé àwọn arúgbó tó ń bẹ̀ wò ló ti ń bọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ rí i bí ẹni rí ọlọ́pàá lọ́jọ́ tí olè jà.

“Nọ́ọ̀sì mi, Ọlọ́run ló rán ẹ wá. Bá mi wọn ọkùnrin yẹn wò, ká mọ ẹni tó kó àrùn ran ọmọ mi.”

Bàbá Aláago ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè láìjanpata. Nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ ọn lápá, ẹ̀rọ fẹ́, ó mí, ó dákẹ́. “Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Bàbá, ara ọmọ ogún ọdún lẹ gbé sọ́rùn o.”

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé,” ni Bàbá Aláago wí. “Mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, níbi tí àwọn kan á ti máa rí i.”

“Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ ṣá?” Ìyá Alágbàfọ̀ na apá tirẹ̀ náà. Tirẹ̀ náà dára. Kàkà kí inú rẹ̀ dùn, ó ń wo nọ́ọ̀sì bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹjọ́ tó ti dá láti àárọ̀ kò rí ẹni rù ú.

Nọ́ọ̀sì ń ká okùn ẹ̀rọ rẹ̀. “Mà, nígbà tí ẹ bí Bọ̀dá yìí, kílò mélòó ni wọ́n?”

“Kò tó méjì. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó lágbára! Ohùn ẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

“Ẹ ń jẹun dáadáa nínú oyún ẹ̀?”

“Mo ń jẹun bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣe ń jẹun,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

“Mò ń bèèrè ni, Mà. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ tí oúnjẹ ò kárí nínú ikùn, nígbà míì, àgbà ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ń ru. Ẹ ti rí aránṣọ tí aṣọ ò tó o rí? Ara ẹ̀wù ló máa kọ́kọ́ gé, á wá fi èyí tó kù ṣe apá. Ẹ̀wù á wọ̀, ṣùgbọ́n apá á kúrú. Bí ọmọ inú náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ máa ń fún lóúnjẹ, kíndìnrín á máa gba ìyókù. Ìyá á bí wọn, wọ́n á dàgbà, wọ́n á máa sáré kiri. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tó kéré ni wọ́n gbé wá sáyé, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíì. Tó bá wá di ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀jẹ̀ á máa fi tipá kọjá.”

Ìyá Alágbàfọ̀ wo apá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

“Kì í ṣe gbogbo ọmọ kékeré o,” ni nọ́ọ̀sì tún wí, nítorí ó rí ojú rẹ̀. “Iyọ̀ wà níbẹ̀, àìsùn wà níbẹ̀, nǹkan pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè na ìka sí ẹyọ kan kó ní òun nìyẹn. Oògùn sì wà, á sì ṣiṣẹ́.”

“Màmá, ṣé apá tèmi kúrú ni?” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na apá rẹ̀ gbọọrọ méjèèjì, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, Bàbá Aláago pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá Alágbàfọ̀ ń lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ ọ́, apá kan náà, kó tó rántí pé ṣẹ́ẹ̀tì ní méjì.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ ni, bóyá ìbá ti gbé e mì bí àwọn ará ìdílé ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní Sátidé, ọkọ Àbíkẹ́yìn gbé aṣọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá. Káfíńtà ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí lẹ́bú igi kì í tán lára irun rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ da aṣọ náà sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń yẹ ti gbogbo èèyàn wò. Ẹ má rò pé alágbàfọ̀ kàn ń fọ aṣọ. Ojú èèyàn lè parọ́ fún un, kọ́là èèyàn ò lè parọ́. Ó mọ ẹni tó ń sunkún sára apá ẹ̀wù, ó mọ ẹni tó ti ń jẹun níta tí ìyàwó rẹ̀ ò tíì mọ̀, ó sì mọ ẹni tó ń sanra tàbí tó ń rù kí onítọ̀hún tó mọ̀.

Ó yí inú síkẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì náà síta, kó lè fọ inú rẹ̀. Ibi ìbàdí ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Òwú tuntun wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n tú u sílẹ̀ kí ikùn lè ráyè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún aboyún. Ó fà á mọ́ra, ó wò ó dáadáa. Wọn ò tú u sílẹ̀. Wọ́n rán an wọlé ni! Ìlà méjì ní ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Oyún oṣù márùn-ún, síkẹ́ẹ̀tì sì ń kéré sí i.

Ó jókòó. Bàbá Aláago gbọ́ bí àga ṣe dún, ó gbójú sókè, nítorí kò rántí ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ jókòó kẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé.

“Káfíńtà,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, “kí ni ìyàwó ẹ ń jẹ?”

Ọkùnrin náà ń fi àtàǹpàkò fọ eruku igi kúrò lára ìka. “Màmá, tíì ni.”

“Tíì àti kí ni?”

“Tíì àti bisikíìtì mẹ́ta láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jẹ ìrẹsì ṣíbí mẹ́rin, mo kà á. Bí mo bá se ẹyin, á ní òórùn ẹ̀ ń rùn sí òun. Nígbà tí mo bínú, ó ní ẹ̀yin lóyún fún oṣù mẹ́sàn-án, bẹ́líìtì yín ò kúrò lójú kan. Mo wá dákẹ́. Èmi ò lè bá ìyá ìyàwó mi jiyàn.” Ó gbé ojú sókè. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ fún un níbi àyẹ̀wò pé ikùn ẹ̀ kéré sí oṣù ẹ̀. Màmá, inú ẹ̀ dùn! Ó ní òun ń jọ yín.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù ba Ìyá Alágbàfọ̀. Kò bẹ̀rù fún ara rẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀rù fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti lóògùn lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì rí ló bà á lẹ́rù, ọmọ tí wọ́n ń gé apá ẹ̀wù rẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe jókòó yẹn, tó sì jẹ́ pé ẹnu òun ni wọ́n ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àgbàlagbà. Bí òtítọ́ bá wà ní ilé kejì, ìlú mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ yí ká kó tó kàn án. Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Alágbàfọ̀ se ẹ̀wà, ó din ẹja ńlá mẹ́ta, ó kó o sínú abọ́ onídèérí, ó ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ já a sí òtẹ́ẹ̀lì bí ó bá ń wakọ̀ kọjá. Ní Ìṣẹ́gun, fóònù dún. Ìyá Alágbàfọ̀ sáré gbé e. Ohùn ọkùnrin ni.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì. Àbíkẹ́yìn yín ló fún mi ní nọ́ńbà. Mo ní kí n dúpẹ́ ẹja àná. Màmá, ẹja yẹn dùn!”

“Ta ló jẹ ẹ̀wà?” ni Ìyá Alágbàfọ̀ bèèrè.

“Àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló gba ẹ̀wà, Mà.”

Lọ́jọ́rú ló fúnra rẹ̀ pe Àbíkẹ́yìn lórí fóònù. “Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, jẹun.”

“Màmá, mò ń jẹun.”

“Tíì kọ́ ni mò ń wí. Jẹ ẹyin, jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ẹran.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹyin lẹ jẹ tí bẹ́líìtì yín fi dúró níhò kẹta?” Àbíkẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín. Kò rí i fín rárá, ó ń yangàn ìyá rẹ̀ ni.

“Ayé ìgbà yẹn yàtọ̀.”

“Báwo ló ṣe yàtọ̀? Màmá, ikùn ni ikùn. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ní í rí ìtìjú lára mi.”

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Láti igun ṣọ́ọ̀bù, ohùn kan wá.

“Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.”

Ó yípo. “Ta ló pa irọ́?”

“Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Aago yìí ni mò ń bá wí. Ó ní aago méjì ti lù, aago mẹ́rin ló lù.” Bàbá Aláago gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. “Mo máa ń rí ọ, ṣé o mọ̀? Lọ́dún yẹn tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀. O máa ń dé láti ibi iṣẹ́, wàá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wàá máa tú aṣọ kúrò níkùn. Ó gùn. Wàá máa tú u, tú u, tú u. O rò pé mo ti sùn.”

Ìyá Alágbàfọ̀ rìn lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. “Ẹ mọ̀? Ẹ wá ń sọ pé ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ láti ọdún yìí wá?”

“Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ àwa méjèèjì. Èmi tí mo dùbúlẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Ojú tì mí. Nígbà tí o wá sọ ọ́ di ìtàn ẹ̀rín, ara tù mí, mo bá ọ gbè é.”

“Tí mo bá sọ ọ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é lọ́ṣẹ́.”

“Bí o ò bá sọ ọ́ ńkọ́?” ni Bàbá Aláago bèèrè. Ó bá mú irinṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ní Sọ́ńdè, Ìyá Alágbàfọ̀ ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé òun lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ó ti tò ó lọ́kàn: òun nìkan ló máa wọlé, òun á sọ ohun tí òun fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin náà, wọ́n á sì jọ bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe páàkì, ó ní, “Dúró ti ọkọ̀, kí wọ́n má gbé e lọ.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo mọ́tò náà, tí ilẹ̀kùn kan jẹ́ búlúù tí ìyókù jẹ́ pupa. “Màmá, ẹni tó bá gbé eléyìí, kó tó dé ojú títì á ti dá a padà.” Ló bá gba agbọ̀n lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ṣáájú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Bí ètò obìnrin náà ṣe bàjẹ́ nìyẹn, ní àkàbà kìíní.

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, yàrá méjì, àga tí Káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló kún ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà nídìí ìkòkò, ó ń se ìrẹsì. Àbíkẹ́yìn jáde pàdé wọn, ó kí ìyá rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ dúró níwájú dígí. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ojú rẹ̀ ti jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán.

“Màmá, ẹ wò mí! Ọ̀sẹ̀ méjìlélógún. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ò gbà pé mo lóyún. Mo ní kí wọ́n lọ bi ìyá mi.”

“Jókòó,” ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

“Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín—”

“Mo ní kó o jókòó. Irọ́ ni mo pa.”

Àbíkẹ́yìn jókòó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń kó ọsàn jáde nínú agbọ̀n dúró pẹ̀lú ọsàn kan lọ́wọ́. Káfíńtà yọjú láti ilé ìdáná.

“Irọ́ wo, Màmá?”

“Ìtàn bẹ́líìtì. Ihò kẹta ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára.” Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, bí ẹni tó ń kó aṣọ wọlé nígbà tí òjò ṣú. “Ọ̀gá wa obìnrin, tó bá ti fura oyún sí ọ lára, ọjọ́ yẹn náà lo máa lọ sílé. Bàbá yín wà lórí àìsàn, oṣù méje, kò lè di ṣíbí mú. Mo ya aṣọ ibùsùn kan, mo fi ń di ikùn. Nígbà tí dídì ò tó mọ́, mo dín oúnjẹ kù. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń jẹun. Búrẹ́dì, àti omi. Tí ebi bá ń ta mí níbi iṣẹ́, mo máa ń fún bẹ́líìtì yẹn mọ́ra kí ikùn lè dákẹ́. Ìdí tó fi dúró níhò kẹta nìyẹn. Èmi ni mo fún un síbẹ̀.”

Ìrẹsì ń hó nínú ilé ìdáná.

“Nígbà tí mo bí i, wọ́n gbé e sínú àpótí gbígbóná, ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń jẹ nínú oyún. Ojú tì mí. Mo ní mo lágbára ni, mo ní mo ṣiṣẹ́ títí di àná. Obìnrin kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Obìnrin gidi nìyí.’ Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn lẹ́nu mi ju òtítọ́ lọ, mo wá ń sọ ọ́, mo ń sọ ọ́, títí èmi náà fi gbà á gbọ́. Ọmọ mi, ẹni tó wà nínú ẹ yẹn ò mọ ìtàn. Oúnjẹ nìkan ló mọ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún mi, kíndìnrín ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Má fi ebi pa á nítorí ẹnu mi.”

Àbíkẹ́yìn gbé ọwọ́ kan lé ikùn.

Èyí tó ṣòro jù ló kù. Ìyá Alágbàfọ̀ kò lè gbé ojú rẹ̀ dé ojú ọmọkùnrin rẹ̀. Ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó lè na ìka sí ẹyọ kan. Ó ń ṣàánú mi ni. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo fi ebi pa ọ́ kí n tó rí ọ.”

Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti ń to èsì jọ. Bí ó bá bínú, èsì wà. Bí ó bá ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun láti ọjọ́ yìí, èsì wà. Bí ó bá jáde tó gbá ilẹ̀kùn, ó ti mọ ohun tí òun á wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá,” ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, “ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn?”

“Ọdún mọ́kànlélógún.”

Ó yíjú wo àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó tún yíjú padà. “Ta ló ń bi yín léèrè nígbà yẹn pé ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìyá Alágbàfọ̀ la ẹnu. Gbogbo èsì tó kó gun àtẹ̀gùn, kò sí èyí tó bá ìbéèrè yìí mu. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìyá tirẹ̀ ti kú, ọ̀gá ò gbọdọ̀ mọ̀, ẹlẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ lè lọ sọ. Ó wá ẹnì kan títí nínú ọdún yẹn, kò rí i. Ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà ya òun gan-an lẹ́nu, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọsàn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, bó sì ṣe ga tó, ojú rẹ̀ àti ojú ìyá rẹ̀ wá dọ́gba. “Èmi ti ń lo oògùn mi,” ni ó wí. “Mo ti fi iyọ̀ sílẹ̀, oúnjẹ ilé mi wá dà bí pépà. Ẹ jẹ́ kí n ru ìyẹn fúnra mi. Màmá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí?”

“Mo ti—” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹni tó bá bi í, “Mo ti jẹun” ni. Ó pa ẹnu dé. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

“Rárá,” ni ó wí. “Ebi ń pa mí.”

Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan jáde láti orí àga kejì, ohùn tí wọn ò gbọ́ láti ìgbà tí ó ti wà lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ.

“Ebi ń pa èmi náà,” ni Àbíkẹ́yìn wí. “Láti oṣù kejì.”

Káfíńtà ò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹyin mẹ́fà ló fọ́ sínú àwo kan náà, ó sì ń bèèrè láti ilé ìdáná, pẹ̀lú ohùn tí kò dúró dáadáa, bóyá mẹ́fà á tó.